Kúlà Tí Mo Gbé Lọ Pàdé Àna

Bàbá Rélùwéè mi àtàtà,

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rìn kiri nínú mi. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbé ìwé lọ síbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́ fún yín, mi ò mọ ẹni tí n ó sọ ọ́ fún tí kò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń jẹ́ kí n rojọ́ tán. Ẹ ó jókòó síwájú yàrá wa ní Sáríà, ẹ ó máa bó ẹ̀pà, ẹ ó máa to èèpo rẹ̀ jọ bí ẹni ń to bíríkì, ẹ ó sì máa gbọ́ mi.

Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni. Mo ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, sùtánà funfun mi ṣì wà lọ́rùn mi, mo jókòó sídìí tábìlì kíṣìnì wa ní Thamesmead níbí. Mo ń wo adágún omi tí wọ́n gbẹ́ sáàárín àwọn ilé yìí láti ojú fèrèsé. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìbá fẹ́ràn wọn. Ẹ kì í rí ẹran ọ̀sìn kí ẹ má wá nǹkan dà sí i lẹ́nu.

Àwọn ọmọ-ọmọ yín ti dàgbà, Bàbá. Ìgbà tí wọ́n sì dàgbà tán ni ẹ̀rù wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bà mí. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn, tí mo rí orí àwọn méjèèjì lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tán. Ní báyìí, Táyọ̀ ń wa minicab ní Plumstead. Bí mo bá gbọ́ siréènì ọlọ́pàá ní Harrow Manorway, n ó sáré sídìí fóònù. Á ní, "Mummy, I'm fine now. Ẹ jẹ́ kí n wa mọ́tò mi." Fúnmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì. Bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí títí n ó fi rí i, nítorí àwọn ọmọ òyìnbó kan wà lójú ọ̀nà tó wá láti Abbey Wood tí wọ́n máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí àwa aláwọ̀ dúdú. Tí mo bá ti rí i tó yọ, n ó sáré lọ jókòó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ṣé bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń ṣe yín náà nìyẹn, tí ẹ ò jẹ́ ká mọ̀? Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ ní London, tí ẹ sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú, ẹ ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ kàn ń bá mi so okùn àpótí mi ni. Ẹ so ó, ẹ tú u, ẹ tún un so. Mo rò pé okùn yẹn ni kò dára.

Ọ̀rọ̀ Fúnmi ló gbé mi jókòó. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Desmond lorúkọ ọmọkùnrin náà, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Woolwich níbí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Jàmáíkà ni ìyá rẹ̀ ti wá. Bàbá, inú mi bàjẹ́. N ó sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin ò ní tú mi fó. Àwọn ará wa níbí máa ń sọ pé àwọn ará Jàmáíkà kì í ka àgbà sí. Àwọn náà ń sọ pé àwa ará Áfíríkà ń gbéraga, ariwo wa sì ti pọ̀ jù. A jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì kan náà ní Woolwich, gbogbo wa á kọjú síwájú, a ò ní kí ara wa. Inú ilé àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi fẹ́ wọ̀. Bí ó bá ṣàìsàn, ta ló máa bu omi fún un? Bí ó bá bímọ, ta ló máa bá a wẹ̀ ẹ́ tí mo bá wà níbi iṣẹ́? Ohun tí mò ń rò nìyẹn.

Bàbá Fúnmi ti padà sílé, ó ti ní ìyàwó àti ilé mìíràn ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo pè é, ó ní kí n ṣe èyí tó bá dára lójú mi. Ẹ̀ bá rò pé aṣọ fèrèsé ni mo ní mo fẹ́ rà. Fúnmi náà wá sọ fún mi lójúkojú pé bí mi ò bá fi ẹnu ara mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ò ní fẹ́ ẹ. Ìbá sàn kó bá mi jà! Ẹni tó bá ń bá ni jà, èèyàn lè kọ̀ fún un. Ẹni tó ká ọwọ́ jọ, tó ń wo èèyàn lẹ́nu ńkọ́?

Kí ni ẹ rí lára bàbá Fúnmi nígbà yẹn tí ẹ fi gbà kí n fẹ́ ẹ? Ẹ ò sọ fún mi rí. Mo sì bi yín o.

Fúnmi àti Desmond wá pinnu pé kí àwa ìyá méjèèjì rí ara wa ní ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé èèyàn ṣe fàájì lórí odò Thames. Kúrúùsì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á wọ̀ ọ́ ní èbúté kan létí Woolwich níbí, á gbé e dé àárín ìlú, orin á máa lọ lábẹ́lẹ̀, á sì gbé e padà. Fúnmi ti mọ̀ mí. Ó pè mí:

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kúlà o. Wọ́n ń ta drinks nínú boat yẹn. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé tiẹ̀ wọlé."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́ ni, àbí ẹ máa ṣe é?"

"Mo ní mo gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá, ọmọ yín ni mí. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Sáríà lọ sílé? Ní gbogbo stéṣọ̀n ni àwọn èèyàn á máa na nǹkan tútù sókè sí ojú fèrèsé, àwa ọmọ á máa wo ojú yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, tí gbogbo wọn mọ orúkọ yín, ẹ ò ní rà á. Ẹ ó ṣí apẹ̀rẹ̀ tí Màmá dì, ẹ ó bu omi ilé fún wa nínú kọ́ọ̀bù oníke, ẹ ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí ẹ ṣe tọ́ mi nìyẹn. Èmi á wá wọ ọkọ̀ lọ́wọ́ lásán?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mi ò sọ fún Fúnmi. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Bí Desmond bá ra ohun mímu fún mi, tí mo gbà á, tí mo mu ún níwájú ìyá rẹ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ lẹ́yìn náà pé mi ò fi ọmọ mi fún wọn? Nítorí náà, tèmi ni n ó gbé lọ, òun ni n ó sì mu. N ó sì bu fún ìyá rẹ̀ náà. Tí ojú bá máa ti ẹnikẹ́ni, kó máa ti àwọn.

Mo se sóbò, bí Màmá ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Sáríà. Mo rí òdòdó ìṣápá gbígbẹ rà ní ọjà Woolwich, mo fi atalẹ̀ sí i, mo fi kànáfùrù sí i, mo da èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó mọ́ ọn. Ìgò wáìnì ni mo rọ ọ́ sí. Ẹ má jáyà! Ìgò omi àdúrà ni. Mo máa ń ṣa ìgò òfìfo jọ níbi gbọ̀ngàn kan tí mo ń gbálẹ̀ rẹ̀, mo máa ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ wọ́n, gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lò ó. Ojú wa ò rí i ní ìgò ọtí mọ́. Sátidé ni a fẹ́ wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀, Wednesday ni mo ti sè é sílẹ̀. Ẹran díńdín àti puff-puff ti gba inú fíríìjì, ni mo bá kó àwọn ìgò sí bákónì. Oṣù August ni, kọnkéré ilé yìí sì máa ń gbóná bí agbada.

Táyọ̀ ló fi mọ́tò gbé mi lọ. Nígbà tó gbé kúlà náà, ó kérora.

"Mummy, ṣé Nigeria lẹ ń lọ ni?"

"Gbé e rọra, ìgò wà nínú ẹ̀."

"Fúnmi máa pa yín o. I'm not in it."

Nígbà tí a dé èbúté, Fúnmi àti Desmond ti wà lórí ìlà. Fúnmi rí kúlà, ó di ojú méjèèjì. Desmond tẹríba fún mi, ó ní "Ẹ káàsán, Mummy," bí ẹni tó ti ń kọ́ ọ láti àárọ̀, ó sì gba kúlà lọ́wọ́ Táyọ̀. Ìyá rẹ̀ kò tíì dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó wọ ṣáàtì funfun, yẹtí kan wà létí rẹ̀. Èdè òyìnbó la jọ sọ, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́ ní èdè wa kí ẹ lè gbádùn rẹ̀. Ó ṣí kúlà. Ó rí ìgò wáìnì tó tò bí ọmọ ogun, ohun pupa wà nínú wọn.

"Màmá, wáìnì kì í wọ ọkọ̀ yìí o."

"Wáìnì kọ́. Sóbò ni."

"Kí ni?"

"Omi òdòdó."

"Omi òdòdó, nínú ìgò wáìnì?"

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Mo ní irú òdòdó yẹn nílé! Ó máa ń jẹ́ kí n sùn dáadáa." Ìlà bú sẹ́rìn-ín. Fúnmi rọra fa aṣọ mi: "Mummy, let it go." Ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ̀sùn ọtí kàn mí, níwájú ẹni tó fẹ́ di àna mi! Mo ní, "Ọmọ mi, ìjọ aláṣọ funfun ni mí. Ọtí kì í kan ètè mi. Ṣí i, kí o gbóòórùn ẹ̀."

Ó ṣí i. Pó! Ìdérí fò lọ sínú odò. Sóbò hó jáde bí ọṣẹ, ó sọ ṣáàtì ọmọ ọlọ́mọ di pupa láti àyà dé ìgbànú. Bàbá, òórùn rẹ̀ kọlù mí, àfi bí ẹmu tó ti kan. Èmi! Ooru bákónì ti sọ ọ́ di ọtí láti ọjọ́ tí mo ti sè é.

Ọmọkùnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, bó bá jẹ́ èyí ni ìjọ yín ń mu, n ó wá dara pọ̀ mọ́ yín." Ó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó ní kí n wá gbà á nígbà tí a bá padà. Ó fi puff-puff àti ẹran sílẹ̀ fún mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Ibi tí mo ti dorí kodò ni mo ti rí táyà kéékèèké méjì tó ń bọ̀. Báàgì onítáyà tí àwọn màmá fi ń lọ ọjà ni. Obìnrin gíga kan ló ń fà á, fìlà koríko wà lórí rẹ̀, ó fa ara ró bí ẹni tó ń lọ gbàmì ẹ̀yẹ. Ìyá Desmond nìyẹn. Ọmọkùnrin òyìnbó yẹn ṣí báàgì rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀ títí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ìgò pupa! Ìgò pupa nìkan ló kún ibẹ̀.

"Ẹ̀yin náà? Omi òdòdó?"

Ìyá Desmond ní, "Sórẹ́ẹ̀lì ni, omi òdòdó ti Jàmáíkà. Ta ni ọmọdé yìí ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé mo lè wá pàdé ìyá ìyàwó ọmọ mi lọ́wọ́ òfìfo ni?"

Ọmọkùnrin náà gba ìgò kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọtí rọ́ọ̀mù gidi ló wà nínú ìyẹn, mo gbóòórùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Àwọn ìgò tirẹ̀ náà wọ abẹ́ káńtà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà yọ ìgò kan sí ọ̀tọ̀, ó gbá a mọ́ àyà, ó ní èyí kò ní lọ. Wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀. Ó ní kí ọmọkùnrin náà gbóòórùn ẹ̀ dáadáa. Ìyẹn gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ díẹ̀ wò lórí ìka, ó ní kò sí ọtí nínú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ìlà ti gùn, ó ní kó máa gbé e lọ. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ẹ wò ó, ó mọ bí yóò ṣe fi tirẹ̀ pamọ́.

A jókòó sókè ọkọ̀ nínú oòrùn. Ọkọ̀ gbéra, àwọn ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ń kọjá lọ. Ọ̀fun mi gbẹ bí ẹ̀tù. Desmond bèèrè pé ṣé kí òun ra juice wá fún mi, mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Ó ra omi lásán wá, mo dúpẹ́, mi ò fọwọ́ kàn án. Fúnmi ń wò mí. Ó mọ ohun tí mò ń ṣe. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò lójú rẹ̀, ó sì kọjú sí odò. Mo rí i, Bàbá. Mo rí i, mi ò sì fọwọ́ kan omi yẹn.

Ìyá Desmond bá sún wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbé ìgò yẹn jáde, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé òwú funfun wà lọ́rùn ìgò náà.

Ó ní, "Tìrẹ ni. Des sọ fún mi pé ìjọ yín kì í fẹnu kan ọtí. Gbogbo ìkòkò ilé mi ni rọ́ọ̀mù ti wọ̀ rí, n ò ní purọ́ fún ọ. Mo lọ ra ìkòkò tuntun, inú ẹ̀ ni mo ti se tìẹ. Mo so òwú mọ́ ọn kí n má baà ṣì í mú."

Mo ní, "Ẹ ra ìkòkò nítorí mi?"

"Ohun mímu Kérésìmesì ni nílé wa. August la wà yìí. Àwọn ọmọ mi ní orí mi ti dàrú."

Bàbá, mo jókòó, mò ń wo òwú yẹn. Gbogbo ìbéèrè tí mo ti ń bi ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì, pé ta ló máa bu omi fún ọmọ mi, obìnrin tí kò tíì rí mi rí ti dáhùn rẹ̀ nínú kíṣìnì rẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Mo mọ ohun tí mímu rẹ̀ túmọ̀ sí. Mo tú òwú náà, mo mu ún. Atalẹ̀ àti kànáfùrù ni, àfi bí ẹni pé Màmá ló sè é. Fúnmi yíjú padà, ó rí ìgò lẹ́nu mi, ni ọmọ náà bá bú sẹ́kún pátápátá. Desmond rò pé nǹkan ta á ni. Ó ń wá kòkòrò kiri lára rẹ̀!

Àwa ìyá méjèèjì wá sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rù ba òun náà. Desmond nìkan ni ọkùnrin tí òun bí, òun sì rò pé a máa gbé e lọ sí Áfíríkà, kí òun má rí i mọ́. Ó ní obìnrin ilẹ̀ wa kan níbi iṣẹ́ sọ fún òun rí pé ọmọ ẹrú ni àwọn. Ó ń wo omi bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bu puff-puff sí i lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́, ó ní, "Ó dùn. Ìwọ lo dín in?" Mo ní èmi ni. Ó tún na ọwọ́.

Nígbà tí a padà dé èbúté, ọmọkùnrin oníṣáàtì pupa yẹn wà níbi tó ti ń nu ilẹ̀. Sóbò mi ti bú jáde lábẹ́ káńtà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ìgò kan. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá mọ́." Ìyá Desmond rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣubú.

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá sílé níbí láti wá tọrọ Fúnmi. Desmond ti ń kọ́ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀, Táyọ̀ ló ń kọ́ ọ nínú pálọ̀, ó ń fi ìyà jẹ ẹ́. Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun máa wá jókòó gẹ́gẹ́ bí bàbá ìyàwó, nítorí kò yẹ kí obìnrin nìkan fa ọmọ fún àna. Ó tún ní, bí òun bá jókòó tán, òun á kọ́kọ́ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìdílé wọn àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Mo rántí bí ìyá Desmond ṣe ń wo omi nígbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ẹrú yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alàgbà. Mo ní rárá.

Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin yín, orí òkè Shooters Hill ni mo wà, mò ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, mi ò tíì gbọ́ pé ẹ ti lọ. Mi ò rí yín sin, ẹ ò sì ní rí ọmọ-ọmọ yín lọ́jọ́ ìdùnnú rẹ̀. Ṣé ẹ bínú sí mi? Bí ẹ bá sì wà, ṣé ẹ̀ bá ti gbà fún un? Mo rò pé ẹ̀ bá gbà. Mi ò lè fi búra.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, bí Desmond bá dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n bi pé ta ni bàbá tó ni ọmọ yìí, èmi ni n ó dìde. Orúkọ yín ni n ó kọ́kọ́ dá, kí àwọn ará Jàmáíkà mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá ṣe àna. Lẹ́yìn náà, n ó fi ẹnu ara mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ sùn re, Bàbá mi. Ẹ bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin tó ń gbé lókè òkun, tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín.